Mọ Ìdí Nọ́ḿbà Rẹ: Ìmọ̀ràn Mẹ́sàn-án fún Ọ̀dọ́ Olùwádìí

Ìwọ ọ̀dọ́ tó ń ṣe ìwádìí ní ilé ìwòsàn, ní oko ìwádìí, ní yunifásítì tàbí ní iléeṣẹ́ ìjọba, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. O mọ iṣẹ́ rẹ dunjú. Bí ọ̀rọ̀ ibà ni, o mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ ni, o lè fi odindi ọjọ́ kan ṣàlàyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti di ọ̀rọ̀ sìtàtísítíìsì, àyà rẹ a já. Dátà tí o fi òógùn ojú kó jọ, o óò gbé e lọ fún ẹni tó ń fi SPSS ṣiṣẹ́ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ọgbà yunifásítì, òun náà óò sì dá a padà pẹ̀lú táblì rẹpẹtẹ tó ní ìràwọ̀ lára. O kó gbogbo rẹ̀ sí Orí Kẹrin iṣẹ́ rẹ. Ọjọ́ tí o bá dé iwájú àwọn olùdánwò, tí ọ̀kan nínú wọn bi ọ́ pé, “Kí ló dé tó o fi lo chi-square níbí?”, o kò rí nǹkan sọ ju pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Mo ti pẹ́ nídìí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì máa ń dùn mí, nítorí àwọn ọmọ tí mò ń rí níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe òpè. Kò kàn sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ìmọ̀ yìí, àti ìṣirò tó gbé e ró, ṣeé kọ́ fún ẹni tó ti níṣẹ́ lọ́wọ́ ni. Nọ́ḿbà tí o bá kọ sínú ìwé, orúkọ rẹ lo fi dúró fún un. Ẹni tí kò bá sì mọ ìdí nọ́ḿbà kò lè jẹ́rìí sí i. Nítorí náà, fetí sí ohun mẹ́sàn-án yìí.

1. Má sọ pé ọjọ́ ti lọ.

Ọwọ́ òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ọtí ni t-test tí gbogbo ayé ń lò ti jáde. William Sealy Gosset ni orúkọ rẹ̀. Iléeṣẹ́ Guinness ní Dublin ló gbà á síṣẹ́ ní 1899, iṣẹ́ tó sì jẹ mọ́ kẹ́míìsìrì ló ń ṣe níbẹ̀. Ìṣòro tó bá pàdé ni pé ìwọ̀nba ọkà báálì díẹ̀ ni wọ́n máa ń rí dán wò lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ sì ni ìṣirò ayé ìgbà náà, dátà rẹpẹtẹ ló wà fún. Ní 1906, nígbà tó ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó gba London lọ láti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Karl Pearson, onímọ̀ sìtàtísítíìsì. Ní 1908, àpilẹ̀kọ rẹ̀ tó bí t-test jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Biometrika lábẹ́ orúkọ Student, torí pé iléeṣẹ́ náà kì í jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ fi orúkọ ara wọn gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde.

Iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ló gbé ìbéèrè kò ó lójú, ìbéèrè náà ló sì lé e dé ìdí ìṣirò. Ọ̀nà tìrẹ náà nìyẹn. Má dúró de ọjọ́ tí o máa ráyè lọ gba oyè mìíràn. Ìbéèrè tí kò jẹ́ kó o sùn nínú iṣẹ́ rẹ ni kó o fi bẹ̀rẹ̀.

2. Ìṣeéṣe ni ìpìlẹ̀. Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ máa ń sáré lọ kọ́ tẹ́ẹ̀sì láìmọ ìṣeéṣe. Jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ tó wà nínú ilé wa. Jẹ́nótáìpù ọkọ jẹ́ AS, ti ìyàwó náà jẹ́ AS. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bí, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ìṣeéṣe pé yóò jẹ́ SS, ìyẹn pé yóò ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. O ti gbọ́ ọ rí tí àwọn èèyàn ń sọ pé, “Bí a bá bí mẹ́rin, ọ̀kan péré ni yóò jẹ́ SS, bí ìyẹn bá ti dé, ọkàn wa balẹ̀.” Kò rí bẹ́ẹ̀. Oyún kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí oyún tó ṣáájú rẹ̀. Ìṣeéṣe pé ọmọ kan kò ní jẹ́ SS ni ¾. Ti àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lápapọ̀ ni ¾ × ¾ × ¾ × ¾, ìyẹn 81 nínú 256. Nínú 100 irú ìdílé bẹ́ẹ̀ tó bí ọmọ mẹ́rin, nǹkan bí 32 ni kò ní ní SS kankan, nǹkan bí 68 yóò ní ọ̀kan ó kéré tán, àwọn kan nínú wọn yóò sì ní méjì tàbí mẹ́ta.

Tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ọmọ kan nínú ilé náà ti dàgbà, a sì mọ̀ dájú pé kì í ṣe SS. Kí ni ìṣeéṣe pé AS ni? Ọ̀pọ̀ ni yóò sọ pé ìdajì. Ka ọ̀nà mẹ́rin tí ọmọ lè gbà jáde: AA, AS, SA, SS. Yọ SS kúrò. Ó ku mẹ́ta, méjì nínú rẹ̀ ló sì ru S kan. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni. Bí èyí bá yé ọ dé ìsàlẹ̀, o ti di ohun méjì mú tí gbogbo sìtàtísítíìsì dúró lé: ìṣẹ̀lẹ̀ tí kò gbára lé òmíràn, àti ìṣeéṣe tó ń yí padà nígbà tí a bá ti mọ ohun tuntun.

3. Fọ́múlà tí o kò mọ ibi tó ti wá, má tíì lò ó.

Ṣí Orí Kẹta iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, kò ní pẹ́ tí o óò fi rí orúkọ Taro Yamane, 1967. Fọ́múlà rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ iye èèyàn tí wọn yóò bi léèrè: n = N ÷ (1 + Ne²). Bí ìlú bá ní 10,000 èèyàn, tí e, ìyẹn àṣìṣe tí a gbà láyè, sì jẹ́ 0.05, a óò fi 26 pín 10,000, a óò sì rí 385. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ó kọjá. Jẹ́ kí èmi àtìrẹ tú u wò.

Ká ní ohun tí o fẹ́ mọ̀ ni ìdá àwọn ará ìlú tó ń sùn nínú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ìdá àwọn tó sọ pé bẹ́ẹ̀ni bá jẹ́ p, ìwọ̀n bí ìdáhùn ṣe fọ́n ká ni p(1 − p). Ìgbà tí p bá jẹ́ ìdajì ni èyí máa ń pọ̀ jù: 0.5 × 0.5, ìyẹn 0.25. Bí o bá ṣa èèyàn n, ìwọ̀n àṣìṣe tó wà nínú ìdá tí o rí ni √(0.25 ÷ n), tó já sí 0.5 ÷ √n. Bí o bá fẹ́ kí ọwọ́ rẹ ba òtítọ́ ní ìgbà 95 nínú 100, ìlọ́po méjì àṣìṣe yìí ni wàá fi sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, ìyẹn 1 ÷ √n. Jẹ́ kí ó dọ́gba pẹ̀lú 0.05, n di 400. Níwọ̀n bí ìlú náà kò ti ju 10,000 lọ, o óò fi 1 + 400 ÷ 10,000, ìyẹn 1.04, pín 400. O tún rí 385.

O ti wá rí ohun tó fara pamọ́ sínú rẹ̀ báyìí. Fọ́múlà náà gbà pé ìbéèrè rẹ jẹ́ ti bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó gbà pé ìdánilójú 95 nínú 100 tó fún ọ. Ó gbà pé gbogbo ará ìlú ló ní àǹfààní kan náà láti wà lára àwọn tí o ṣà. Bó bá jẹ́ pé ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń lo oògùn méjì ni o fẹ́ fi wéra, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kàn ọ́ rárá. Bó bá sì jẹ́ pé ilé-ìwé márùn-ún lo yàn, tí o mú ọmọ 77 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 385 ló pé lójú. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kan náà ló ń kọ́ àwọn ọmọ inú ilé-ìwé kan, ọ̀rọ̀ wọn sì máa ń jọra. Bí ìwọ̀n ìjọra náà bá jẹ́ 0.05 péré, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ní ẹlẹgbẹ́ 76 nínú ilé-ìwé rẹ̀, iye èèyàn tí o nílò yóò di ìlọ́po 1 + 76 × 0.05, ìyẹn 4.8. Fi 4.8 pín 385. Gbogbo làálàá rẹ kò sàn ju ti ẹni tó ṣa 80 ọmọ káàkiri ìlú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi Yamane. Ẹni tó gbé fọ́múlà lọ síbi tí kò ti níṣẹ́ ló ni ẹ̀bi.

4. Má jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn tàn ọ́ jẹ.

Ní 1936, ìwé ìròyìn Literary Digest ní Amẹ́ríkà fi káàdì ránṣẹ́ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá èèyàn kí wọ́n lè mọ ẹni tí yóò wọlé ìbò ààrẹ. Èyí tó padà wá lé ní mílíọ̀nù méjì. Wọ́n ní Alf Landon ni yóò wọlé. Franklin Roosevelt ló wọlé, ìpínlẹ̀ 46 nínú 48 ló sì mú. Inú ìwé nọ́ḿbà tẹlifóònù àti àkọsílẹ̀ àwọn tó ní mọ́tò ni wọ́n ti ṣa ọ̀pọ̀ orúkọ, ní àsìkò tí agbára tálákà kò ká èyíkéyìí nínú méjèèjì. Èrò àwọn tó dáhùn sì yàtọ̀ sí ti àwọn tó dákẹ́. George Gallup, tóun náà ń ṣèwádìí èrò ará ìlú, bi èèyàn tó kéré sí ìyẹn gan-an léèrè, òun ló sì mọ ẹni tí yóò wọlé.

Rántí èyí lọ́jọ́ tí o bá fi ìwé ìbéèrè Google Form sórí WhatsApp, tí inú rẹ ń dùn pé 2,000 èèyàn ti dáhùn. Béèrè lọ́wọ́ ara rẹ pé: ta ni kò dáhùn, kí ló sì fà á?

5. Fi ojú rẹ wo dátà kí o tó ṣírò.

Ní 1973, Francis Anscombe gbé ìsọ̀rí dátà mẹ́rin kalẹ̀, mọ́kànlá-mọ́kànlá ni nọ́ḿbà inú wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní x àti y tirẹ̀. Ìpíndọ́gba x nínú gbogbo wọn jẹ́ 9, ti y jẹ́ 7.5, ìlà kan náà ni ìṣirò sì fà fún wọn. Ìgbà tó yà wọ́n sórí ìwé ni àṣírí tú: ọ̀kan tọ́ lọ bí ó ti yẹ, èkejì tẹ̀ kọ̀rọ̀dọ̀, nọ́ḿbà kan ṣoṣo ló fa ìlà ẹ̀kẹta sódì, ti ẹ̀kẹrin sì jẹ́ pé bí a bá yọ nọ́ḿbà kan kúrò, kò sí ìlà kankan tó kù láti fà. Kò sí táblì tó lè sọ èyí fún ọ. Ya àwòrán dátà rẹ ná.

6. Ohun tí kò bá yé ọ nínú ìwé, dán an wò.

Kí Gosset tó fọkàn tán ìṣirò rẹ̀, ó kọ gíga àti gígùn ìka àárín ọwọ́ òsì 3,000 ẹlẹ́wọ̀n sórí páálí kéékèèké, ó pò wọ́n pọ̀, ó ń mú wọn ní mẹ́rin-mẹ́rin, ó sì ń wò bóyá ohun tí ìṣirò sọ ni ọwọ́ òun ń bà. Ìwọ kò nílò páálí. Ọ̀fẹ́ ni R, ọ̀fẹ́ ni Python, kọ̀ǹpútà àgbéká àlòkù sì lè gbé wọn.

Mú ọ̀rọ̀ Igbó-Ọrà, ìlú tí òkìkí ìbejì rẹ̀ kàn káyé. Sọ fún kọ̀ǹpútà pé ìbejì jẹ́ 45 nínú 1,000 ìbímọ, kí ó wá ṣa ìbímọ 20 fún ọ. Ṣe é lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Wàá rí i pé ní nǹkan bí ìgbà 40 nínú 100, kò ní rí ìbejì kan ṣoṣo. Ẹni tó bá lo oṣù kan nílé ìwòsàn kékeré lè dé kó wá sọ pé òkìkí ìlú náà kì í ṣe òótọ́! Sọ ọ́ di ìbímọ 2,000: 90 ni o óò máa retí, ohun tí o bá sì rí yóò sábà wà láàárín 71 sí 109. Tún sọ iye èèyàn di ìlọ́po mẹ́rin, kí o wò ó bí àṣìṣe ṣe ń dín kù sí ìdajì. Ìdí tí √n fi wà nínú ọ̀pọ̀ fọ́múlà yóò hàn sí ọ kedere.

7. Mọ ohun tí p-value ń sọ, kí o sì mọ èyí tí kò sọ.

Láàárín ọdún 1920 sí 1930, ní ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ Rothamsted ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Muriel Bristol, sọ pé bí òun bá ti tọ́ tíì wò, òun á mọ̀ bóyá mílíìkì ni wọ́n kọ́kọ́ dà sínú ife tàbí tíì. Ronald Fisher, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwé tó kọ ní 1935: ife mẹ́jọ, mílíìkì ṣáájú nínú mẹ́rin, tíì ṣáájú nínú mẹ́rin. Ọ̀nà tí a lè gbà mú ife mẹ́rin nínú mẹ́jọ jẹ́ 70, ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ló sì tọ̀nà pátápátá. Bí ẹni náà kò bá mọ nǹkan kan, tó kàn ń méfò, ìṣeéṣe pé yóò gba gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1 nínú 70, nǹkan bí 0.014.

Ohun tí p-value jẹ́ kò ju ìyẹn lọ: bí kò bá sí ohunkóhun níbẹ̀, báwo ni ó ṣe rọrùn tó pé kí a rí ohun tó lágbára tó báyìí? Kò sọ pé ìṣeéṣe pé ẹni náà ń méfò jẹ́ 0.014. Kò sọ pé àbájáde rẹ tóbi, tàbí pé yóò wúlò fún aláìsàn kankan. Bí o bá sì ṣe ogún tẹ́ẹ̀sì tí kò gbára lé ara wọn lórí dátà tí kò ní nǹkan kan nínú, ìṣeéṣe pé ọ̀kan ó kéré tán yóò bọ́ sábẹ́ 0.05 jẹ́ 64 nínú 100. Ní 2015, àwọn onímọ̀ gbé àbájáde ìwádìí 100 tí wọ́n tún ṣe nínú ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá jáde. Nínú 97 tó ti ní p-value tó dára tẹ́lẹ̀, nǹkan bí 36 nínú ọgọ́rùn-ún ló tún rí irú rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣọdẹ ìràwọ̀, àmì p-value kékeré, kiri inú táblì yóò rí i; òtítọ́ ni kò dájú pé yóò bá níbẹ̀.

8. Kọ́ ìṣirò náà, kí o sì fi ọwọ́ ara rẹ ṣe é.

Èyí tí o nílò kò pọ̀ bí o ṣe rò. Padà sí áljẹ́bírà àti lọgáríìmù, títí àmì Σ kò fi ní bà ọ́ lẹ́rù mọ́. Lẹ́yìn náà, kọ́ kálíkúlọ́ọ̀sì dé ibi tí o ti lè wá ibi tó ga jù lórí ìlà, nítorí bí wọ́n ṣe ń wá iye tó bá dátà mu jù nìyẹn; kọ́ bí wọ́n ṣe ń wá ààyè tó wà lábẹ́ ìlà, nítorí ìṣeéṣe nìyẹn. Kọ́ mátíríìsì, nítorí òun ni gbogbo regression fi ń rìn. Lẹ́yìn èyí ni kó o wá mú ìwé bíi All of Statistics ti Larry Wasserman tàbí Statistical Inference ti George Casella àti Roger Berger. Ojú ewé méjì lóòjọ́ tó. Ẹni tó ń kọ́ dùndún kì í fi etí nìkan kọ́ ọ. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ kan awọ.

Wo àpẹẹrẹ kékeré yìí. Ìwé ní kí a fi n − 1 pín, kì í ṣe n, nígbà tí a bá ń wá variance. Kí ló dé? Mú nọ́ḿbà méjì péré: 0 àti 2. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 1, variance wọn náà jẹ́ 1. Ṣa méjì-méjì nínú wọn, kí o sì máa dá èyí tí o mú padà: (0,0), (0,2), (2,0), (2,2). Wá variance ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí o bá fi n pín, 0, 1, 1, 0 lo máa rí, ìpíndọ́gba wọn jẹ́ ìdajì: ó kéré jù. Bí o bá fi n − 1 pín, 0, 2, 2, 0 ni, ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 1 gan-an. Ìlà mẹ́rin péré lórí ìwé, o sì ti mọ ohun tí ọ̀pọ̀ ti ń kà bí àkọ́sórí láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Tíọ́rẹ́mù tí o bá fẹ́ mọ̀, wá irú àpẹẹrẹ kékeré báyìí fún un ná, kí o tó dojú kọ ẹ̀rí rẹ̀.

9. Tètè béèrè, kí o sì sọ òtítọ́ níkẹyìn.

Pé o kọ́ ìmọ̀ yìí kò ní kó o má wá onísìtàtísítíìsì mọ́. Ohun tó wà fún ni pé kí ọ̀rọ̀ yín lè yé ara yín. Lọ bá a nígbà tí ìwé ìbéèrè rẹ ṣì wà lórí tábìlì, kí o tó náwó mọ́tò, kí o tó gba ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Àléébù tó bá wà nínú bí a ṣe kó dátà, ìṣirò kankan kò lè wò ó sàn lẹ́yìn tí a bá ti kó o tán. Abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà.

Nígbà tí àbájáde bá sì dé, kọ gbogbo rẹ̀: iye tẹ́ẹ̀sì tí o ṣe, àwọn tí kò jẹ́ nǹkan kan, àwọn tí kò dáhùn, bí àṣìṣe ṣe lè pọ̀ tó. Nọ́ọ̀sì kan yóò fi ohun tí o kọ tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Àgbẹ̀ kan yóò fi í yan irúgbìn tí yóò fi owó oúnjẹ ọdún rẹ̀ rà. Àwọn yìí kò ní bá ọ wà nínú yàrá ìdánwò, ṣùgbọ́n àwọn ni iṣẹ́ rẹ wà fún.

Nítorí náà, ọmọ mi, má jẹ́ kí ilẹ̀ òní ṣú lásán. Ṣí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ, mú nọ́ḿbà kan ṣoṣo nínú rẹ̀, kí o mú bírò àti ìwé, kí o sì ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin títí wàá fi lè sọ ibi tó ti wá láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Lọ́la, mú òmíràn.